Rúlà Ṣáájú Ọkọ́: Bí Àwọn Ọmọ Iléèwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Wọn Ya Ọgbà Ẹ̀fọ́ Wọn

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tẹ́ ẹ wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ lọ sóko iléèwé? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn agogo ló ń lọ. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì ló ń lọ. Aláriwo náà ń lọ. Ọjọ́ tá a bá ṣe dáadáa, a kì í débẹ̀. Odidi ọdún méjì ni mo fi roko ìdí àgbàdo kan tí mi ò mọ ẹni tó gbìn ín, tí mi ò sì mọ ibi tó gbà lọ lẹ́yìn tí wọ́n ya á. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ "oko iléèwé," ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Ọgbà tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọgbà tí àwọn ọmọ fúnra wọn rìn yí ká, tí wọ́n wọ̀n, tí wọ́n yà sórí ìwé, tí wọ́n sì jọ fẹnu kò lé lórí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́.

Ní Akanran, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ona-Ara, àti ní Badeku, Ajia, Jago àti àwọn abúlé tó kù lágbègbè náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti mọ ọkọ́ dì mú. Bí ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń roko, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi yín rín. Bàbá àti ìyá wọn ti kọ́ wọn. Ohun tí bàbá lè má ráyè kọ́ ọmọ ni bí èèyàn ṣe ń gbé oko kalẹ̀ lórí ìwé kó tó kan ilẹ̀: omi mélòó, ọjọ́ mélòó, ta ló máa ṣe é, ta ló máa jẹ ẹ́. Ìlú yìí náà ni Tafa Adeoye ti jáde, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Àgbẹ̀kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ò san owó orí tó ju agbára wọn lọ mọ́. Mi ò fi ogun àgbẹ̀ wé ọgbà tẹ̀tẹ̀ o. Àmọ́ àwọn àgbà Akanran kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn bó ṣe máa ń rí kí ẹlòmíì jókòó sí ọ́fíìsì kó máa pinnu ibi tí òógùn èèyàn máa kán sí.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni oko iléèwé ti di ìyà. Ní Uganda, Edward Mukiibi, tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Makerere, ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé iṣẹ́ oko ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ níyà nígbà tóun wà ní iléèwé. Ní 2006, òun àti Roger Serunjogi dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní DISC. Wọ́n ń bá àwọn iléèwé ní agbègbè Mukono dá ọgbà sílẹ̀, kí ọmọ lè gbin oúnjẹ ilẹ̀ rẹ̀ kó sì tọ́ ọ wò. Lọ́dún 2022, Mukiibi yìí kan náà di ààrẹ ẹgbẹ́ Slow Food lágbàáyé. Nítòsí wa níbí, ilé ìwádìí IITA n'Ìbàdàn, nígbà tí Nteranya Sanginga jẹ́ ọ̀gá àgbà ibẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò STEP kí àwọn ọmọ iléèwé lè rí iṣẹ́ àgbẹ̀ bí òwò gidi, Fasola Grammar School ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Iléèwé girama nìyẹn, owó sì wà níbẹ̀. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé lè má rí irú owó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ okùn, èèkàn, rúlà àti ìwé ìṣirò alápótí kéékèèké kò wọ́n.

Ìgbà wo ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń dúró di ìgbà tí òjò bá rọ̀, kí gbogbo èèyàn wá sáré gbé ọkọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Táàmù kejì, láti oṣù Kìíní títí wọ oṣù Kẹrin, ni ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ máa ń wà. Ilẹ̀ le, omi wọ́n, ẹ̀fọ́ ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ lo àkókò yẹn fún rúlà. Nígbà tí táàmù kẹta bá fi máa wọlé, òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní agbègbè Ìbàdàn, àwòrán ti wà nílẹ̀, ajílẹ̀ ti jẹrà, ọkọ́ nìkan ló kù.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí wọ́n rìn. Kí tíṣà pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yí gbogbo ilẹ̀ iléèwé ká pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Níbo ni omi ń gbà kọjá tí òjò bá rọ̀? Níbo làwọn ọmọ máa ń gbà sáré lọ síbi bọ́ọ̀lù? Níbo lewúrẹ́ ń gbà wọlé? Àwọn ọmọ mọ ìdáhùn wọ̀nyí ju ọ̀gá iléèwé lọ, torí àwọn ló ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá gbé ọgbà sí ojú ọ̀nà tí 200 ọmọ ń gbà lọ ṣeré, ẹsẹ̀ wọn á pa á kí kòkòrò tó débẹ̀.

Lẹ́yìn náà, oòrùn. Ẹ̀fọ́ fẹ́ tó wákàtí mẹ́fà oòrùn lóòjọ́. Kí àwọn ọmọ ri èèkàn mọ́ ibi tí òjìji ilé àti igi mọ́ńgòrò bá dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí wọ́n tún ṣe é ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́ta. Ibi tí òjìji kò bá kàn rárá ni ibi tó dáa jù. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ní oṣù Kìíní, oòrùn ọ̀sán wà ní ìhà gúúsù wa, òjìji ilé á sì bọ́ sí ìhà àríwá. Tó bá di oṣù Kẹfà, oòrùn á ti kọjá orí wa lọ sí àríwá, òjìji á wá bọ́ sí gúúsù. Ibi tó dà bíi pé oòrùn ń pa nígbà ọyẹ́ lè bọ́ sábẹ́ òjìji ògiri nígbà òjò. Nítorí náà, bí ògiri kíláàsì bá ga tó mítà mẹ́rin, ẹ fi mítà méjì ó kéré tán sí àárín òun àti ọgbà. Omi òrùlé náà kò ní máa dà lu ẹ̀fọ́ lórí.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ bu ilẹ̀ sínú ìgò omi oníke tó mọ́ gaara kó dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi omi kún un, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀, èyí tó kúnná á wà lórí rẹ̀, amọ̀ á wà lókè pátápátá. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ìgò tiwọn wá láti ibi tí wọ́n fẹ́ràn, kí wọ́n tò wọ́n sójú fèrèsé. Ẹ máa rí i pé àwọn ọmọ tó ń sùn nígbà ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì á máa jà lórí ìgò ta ló dáa jù.

Wàyí o, wíwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n, láìlo téèpù. Ọmọ kan á ní 19, èkejì á ní 24, àríyànjiyàn á ṣẹlẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa yé wọn ìdí tí ayé fi ní mítà. Lẹ́yìn náà, ẹ ta kókó sí okùn ní mítà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa. Kí igun lè gún, ẹ ṣe ohun tí àwọn bíríkìlà ń ṣe: ẹ pín okùn mìíràn sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, ẹ so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, kí ọmọ mẹ́ta dì í mú kí ẹ̀gbẹ́ kan gba 3, èkejì 4, ìkẹta 5. Igun tó wà láàárín 3 àti 4 á gún régé, kò nílò irinṣẹ́ kankan.

Ká ní ilẹ̀ tí wọ́n rí jẹ́ mítà 12 ní gígùn, mítà 8 ní ìbú. Nínú ìwé ìṣirò alápótí, kí àpótí méjì dúró fún mítà kan. Àwòrán náà á jẹ́ àpótí 24 sí 16, ó gba ojú ewé kan. Kí wọ́n wá gé bébà kékeré bí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́, kí wọ́n máa tì í sọ́tùn-ún sósì lórí àwòrán títí á fi bá ara mu, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́.

Báwo ni bẹ́ẹ̀dì ṣe yẹ kó fẹ̀ tó? Má ṣe wò ó nínú ìwé. Kí ọmọ tó kéré jù ní kíláàsì lóṣòó sílẹ̀, kó na ọwọ́, kí wọ́n wọ̀n ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Á máa tó nǹkan bíi 50 sẹ̀ntímítà. Bí ọmọ bá lè na ọwọ́ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bẹ́ẹ̀dì kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju mítà kan lọ. Bó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa tẹ ilẹ̀ tó yẹ kó rọ̀ mọ́lẹ̀ láti fa koríko àárín. Ọ̀nà tí wọ́n á máa gbà láàárín bẹ́ẹ̀dì, ìdajì mítà tó. Ọ̀nà ńlá àárín gbùngbùn kó jẹ́ mítà kan, kí bárò lè gba ibẹ̀ kọjá, kí ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ náà lè gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lórí ìbú mítà 8, bẹ́ẹ̀dì márùn-ún á gba mítà 5, ọ̀nà kéékèèké mẹ́fà á gba mítà 3. Lórí gígùn mítà 12, bẹ́ẹ̀dì méjì tó gùn ní mítà 5 á gba 10, ọ̀nà ńlá á gba 1, etí méjèèjì á pín mítà tó kù. Ó di bẹ́ẹ̀dì 10. Gbogbo ilẹ̀ jẹ́ 96 sikúéà mítà, àmọ́ ibi tí ẹ̀fọ́ máa hù sí jẹ́ 50 péré. Ó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu pé ọ̀nà lásán gba ohun tó sún mọ́ ìdajì oko.

Ìyàlẹ́nu gidi ṣì ń bọ̀, omi ni. Nígbà tí òjò kò bá sí, ẹ ṣírò nǹkan bíi lítà 5 fún sikúéà mítà kan lóòjọ́. 50 lọ́nà 5 jẹ́ lítà 250. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí a kò bá fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, kó má gbé ju korobá lítà 5 lọ. Ìyẹn jẹ́ ìrìn 50 láti ibi kànga, lójoojúmọ́, tí ó fi mọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi. Ta ló máa rìn ín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí nígbà tí àwòrán ṣì wà lórí ìwé, torí a mọ ìdáhùn rẹ̀ bí a kò bá béèrè: àwọn ọmọbìnrin ló máa pọn ọ́n. Kí tábìlì iṣẹ́ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, pẹ̀lú orúkọ ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin lọ́gbọọgba.

Bí wọ́n bá ti ṣírò rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn fúnra wọn á ní kí bẹ́ẹ̀dì dín kù. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin fẹ́ lítà 100, ìrìn 20. Kíláàsì tó ní 40 ọmọ lè pín in kí ó má kan ẹnì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọjọ́ méjì. Ìwé tí àjọ FAO kọ ní 2005 fún àwọn tíṣà tó fẹ́ dá ọgbà iléèwé sílẹ̀ náà gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba. Àmọ́ ó yàtọ̀ kí tíṣà sọ ọ́, kí ọmọ sì fi ìṣirò ara rẹ̀ rí i. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tó kù kó wà lórí àwòrán, kí wọ́n kọ "ọdún tó ń bọ̀" sí i.

Òjò náà ṣe é gbà. Mìlímítà kan òjò lórí sikúéà mítà kan òrùlé jẹ́ lítà omi kan. Ilé kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 20 sí 8, bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀, lítà 1,600 ló dà sílẹ̀, àfi èyí tó bá ta sígbó. Dọ́rọ̀ọ̀mù lítà 200 mẹ́jọ nìyẹn, nínú òjò kan ṣoṣo. Bí iléèwé bá ní dọ́rọ̀ọ̀mù méjì péré, kí wọ́n yà á sínú àwòrán sábẹ́ ibi tí páànù ti ń dà jù, kí wọ́n sì kọ ìdérí sí i nítorí ẹ̀fọn.

Kí ni kí wọ́n gbìn? Níbí ni ọ̀pọ̀ ọgbà iléèwé ti ń kú, torí pé àwọn èèyàn ń wo ohun tó dùn, wọn kò wo kàlẹ́ńdà. Táàmù kẹta kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 lọ. Tẹ̀tẹ̀ á tó fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewédú, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ilá á bẹ̀rẹ̀ sí í so ní bí ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ. Bí wọ́n bá fi 30 sẹ̀ntímítà sáàárín ìdí kan sí èkejì ní ìlà méjì, bẹ́ẹ̀dì kan á gba nǹkan bí ìdí 32. Tòmátò ni ẹ wò dáadáa: ó fẹ́ bí oṣù kan ní ibi ìtọ́jú irúgbìn, kó tó tún gba oṣù méjì àti àbọ̀ kó tó pọ́n. Bí wọ́n bá gbìn ín lọ́jọ́ tí iléèwé wọlé, ọjọ́ tí wọ́n bá lọ hólídé ló máa pọ́n, ẹlòmíì á jẹ ẹ́. Kí ẹgbẹ́ tó bá yan tòmátò ti tọ́jú irúgbìn rẹ̀ nínú agolo láti ìparí táàmù kejì. Kí wọ́n ya ọ̀sẹ̀ 12 sí orí ìlà kan, kí wọ́n fi àwọ̀ kun iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan máa lò. Èyí tó bá yọ kọjá ìlà, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Hólídé tòṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án fẹ́ ètò tirẹ̀. Gbúre àti ewúro lè dá wà láìsí ọ̀pọ̀ ìtọ́jú, torí náà kí bẹ́ẹ̀dì kan jẹ́ tiwọn. Èyí tó kù, ẹ bò ó pẹ̀lú koríko gbígbẹ kó sinmi. Bí òbí kan tó ń gbé nítòsí bá gbà láti máa mójú tó o, kí ohun tó bá so ní hólídé jẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kó má baà di ìjà lóṣù Kẹsàn-án.

Lórí ewúrẹ́, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, torí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ní abúlé mọ̀ pé ọgbà tí kò ní ààbò, ewúrẹ́ la gbìn ín fún. Ọ̀pá àgúnmániyè tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò á hu, ewé rẹ̀ á sì di ajílẹ̀. Pèrègún náà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má lo bọ̀tújẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́: èso rẹ̀ ní májèlé, ó sì jọ ohun tí ọmọdé lè rò pé òun lè jẹ. Tata àti kòkòrò mìíràn, kí àwọn ọmọ máa ṣà wọ́n láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára wọn. Ẹ má gbé ọ̀tápíápíá tàbí oògùn DDVP wọ ọgbà iléèwé rárá. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títà DDVP nínú ìgò kékeré.

Mo fi èyí tó ṣòro jù sẹ́yìn. Ta ló máa jẹ ẹ̀fọ́ náà? Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ níbi tí kò sí tíṣà, wọ́n á sọ fún yín pé ọ̀gá iléèwé ni. Bí wọ́n bá ti gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo àwòrán tí wọ́n yà, iṣẹ́ ìyà náà ló ṣì jẹ́. Nítorí náà, kí àpótí kan wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán tí wọ́n máa kọ ìpín sí kí wọ́n tó gbin ohunkóhun. Fún àpẹẹrẹ, ìdajì lọ sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, ìdá mẹ́rin fún tíà láti fi ra irúgbìn, ìdá mẹ́rin fún ìkòkò tí gbogbo kíláàsì máa jọ sè lọ́jọ́ ìparí táàmù. Iye tí wọ́n bá fẹnu kò sí kò ṣe pàtàkì tó pé àwọn ló fẹnu kò. Bí tíṣà bá fẹ́ ẹ̀fọ́, kó rà á, kí ọmọ tó ń tọ́jú ìwé owó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀gá iléèwé àti ẹnì kan láti PTA buwọ́ lù ú, kí wọ́n lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì níbi tí ẹni tó bá wọlé máa rí i.

Ẹ má ya á dànù nígbà tí ọdún bá parí. Àwọn kíláàsì kẹfà á lọ, àwọn kíláàsì karùn-ún á gba ọgbà, wọ́n á sì nílò láti mọ ibi tí tòmátò, ata àti ìgbá wà lọ́dún tó kọjá. Ẹbí kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àrùn kan náà ló ń pa wọ́n, ó sì máa ń sá pamọ́ sínú ilẹ̀. Kí wọ́n gbé àwòrán tuntun lé orí ti àtijọ́ lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì tí ata ti jókòó, kí wọ́n fi tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú síbẹ̀.